Ẹ̀tẹ̀ Ń Bẹ Nínú Gọ́tà

Ẹni tó bá gbọ́ èdè Yorùbá yékéyéké kò ní kí n ṣẹ̀ṣẹ̀ máa túmọ̀ òwe tó ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá, nítorí pé ọmọdé pàápàá mọ̀ pé àrùn tí ń jẹ ọmọ ìka run kì í ṣe ẹgbẹ́ èyí tí ń yúnni lára lásán. Ohun tó mú òwe náà wá sí mi lẹ́nu ni ohun tí ojú mi rí ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ní ọ̀kan nínú àwọn títì tó já sí Dùgbẹ̀, ní Ìbàdàn mesìọ̀gọ̀, nílé Olúyọ̀lé.

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ da ọ̀dà tuntun sí títì náà ni. Ó dúdú, ó ń dán, àwọn awakọ̀ máíkírà sì ń sá eré lórí rẹ̀ bí ẹni tí ogun ń lé. Inú mi ìbá dùn sí i, bí kì í bá ṣe ti ìyá arúgbó kan tó ru igbá èlùbọ́, tí òjò òwúrọ̀ ti sọ ẹ̀gbẹ́ títì di àbàtà mọ́ lẹ́sẹ̀. Lápá ọ̀tún rẹ̀ ni gọ́tà wà, tó la ẹnu kalẹ̀, tí àwọn ìdérí kọnkéré tó yẹ kó bò ó ti fọ́, tí àwọn mìíràn ti di àwátì. Lápá òsì rẹ̀ ni ọkọ̀ ti ń fọn fèrè mọ́ ọn, bí ẹni pé ó jí ọ̀nà gbà. Ó gbé ẹsẹ̀, ó fà á sẹ́yìn, ó tún gbé e, títí ọmọkùnrin kan tí ń ta omi tútù fi sáré dì í lápá mú, tó ní, “Ẹ rọra o, ìyá. Ẹ jẹ́ n bá yín gbé igbá yẹn.” Mo dúró síbẹ̀, inú mi sì bàjẹ́ gidigidi. Àwọn tó gbé iṣẹ́ títì yẹn fún kọngílá ti pa làpálàpá rẹ̀ tán.

Dùgbẹ̀ kì í ṣe ibi àná. Láti ọdún 1901 ni ọkọ̀ ojú irin ti dé Ìbàdàn, owó kòkó ni a sì fi kọ́ Ilé Kòkó alájà 26, tí a parí ní 1965, tó ń wo gbogbo àdúgbò náà láti òkè. Ẹsẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń ná ọjà níbẹ̀. Ẹni tó tilẹ̀ wọ ọkọ̀ wá, ibi tó bá ti sọ̀ kalẹ̀ ni ó ti di ẹlẹ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn wọ̀nyí gan-an ni a kò ṣe ọ̀nà fún.

Àwọn kan yóò ní ọlọ́jà ni ó gba ẹ̀gbẹ́ títì, pé bí a bá tún un ṣe, àtẹ ni wọn yóò tún gbé kà á. N kò gba ọ̀rọ̀ yìí wọlé. Ọ̀nà tí a ṣe, tí a là, ni a lè ní kí ènìyàn kúrò lórí rẹ̀. Èyí tí a kò ṣe rárá, ta ni yóò lé ta ni níbẹ̀?

Bí mo ti ń bínú lọ báyìí ni òwe mìíràn dá mi dúró, èyí tó ní ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Mo ti rò tẹ́lẹ̀ pé wọ́n gba ti ìyá arúgbó fún awakọ̀ ni. Wọn kò fún awakọ̀ náà ní nǹkan kan. Omi ni ọ̀tá ọ̀dà. Nítorí rẹ̀ ni a fi ń jẹ́ kí àárín títì ga díẹ̀ ju etí rẹ̀ lọ, kí òjò lè ṣàn lọ sínú gọ́tà. Bí ọ̀rá àti ìdọ̀tí bá wá dí gọ́tà náà pa, omi yóò padà, yóò rá pálá wọ abẹ́ ọ̀dà, yóò sọ ilẹ̀ ibẹ̀ di ẹ̀rọ̀fọ̀, táyà yóò máa tẹ̀ ẹ́, ọ̀dà yóò sán, sísán yóò sì di kòtò. Èyí tó tún burú ni pé wọ́n da ọ̀dà tuntun lé ògbólógbòó láìhá a kúrò, títí títì fi ga tó òkúta etí rẹ̀, tí ọkọ̀ kò rí ohun tó lè dá a dúró mọ́ kó má gun ibi tí ènìyàn ń rìn, tí omi sì ń wá inú ṣọ́ọ̀bù lọ. Ní Dùgbẹ̀ wa yìí, ìdérí gọ́tà kan náà ni ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀: ẹni tó bá kó ìdọ̀tí gọ́tà, tó mọ ògiri rẹ̀, tó sì fi kọnkéré tó nípọn dé e, ó ti la ọ̀nà fún ìyá arúgbó, ó sì ti fi kún ọjọ́ ayé ọ̀dà. Ìkẹyìn pátápátá ni ọ̀dà yẹ kó dé. Ìlú tí omi Ògùnpa ya bò ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, tó gbé ènìyàn, ilé àti ọkọ̀ lọ, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tún máa kọ́ ọ ní èyí.

Láàárọ̀ àná, mo tún gba ibẹ̀ kọjá. Òjò ti rọ̀ lóru. Aránṣọ kan ń fi abọ́ gbọ́n omi jáde ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ọ̀dà sì ti ń ṣí léteetí, níbi tí ìyá yẹn ti ń gbé ẹsẹ̀ tó ń fà á sẹ́yìn.