Bí Ẹ̀rọ Bá Pè, Ta Ni Yóò Dáhùn?

Ní ayé àtijọ́, bí ọba tàbí ìjòyè bá fẹ́ ránṣẹ́ ìkọ̀kọ̀ sí ẹni tí ó wà ní ọ̀nà jíjìn, àrokò ni ó máa ń dì ránṣẹ́. Owó ẹyọ mélòó kan tàbí ìyẹ́ ẹyẹ tí wọ́n so mọ́ okùn a máa sọ ohun tí ìránṣẹ́ kò gbọdọ̀ fi ẹnu sọ. Ṣùgbọ́n bí àrokò bá bọ́ sí ọwọ́ ẹni tí kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀, tàbí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ṣùgbọ́n tí kò ní agbára láti ṣe ohun tí ó wí, owó ẹyọ lásán ni ó dà. Bákan náà gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ àwọn ẹ̀rọ ọlọ́gbọ́n ayé òde òní rí.

Oríṣiríṣi ni àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí. Tẹlifóònù alágbèéká wà nínú wọn. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ tí ń wọn òjò, èyí tí ń wọn omi inú ilẹ̀, àti èyí tí ń ṣọ́ ìgbóná àti ìtutù. Wọn a máa fi ìròyìn ohun tí wọ́n rí ránṣẹ́ fúnra wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní í wí pé irú ẹ̀rọ báyìí ni yóò mú ìdàgbàsókè tí ó tọ́jọ́ wá sí àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó lọ́wọ́. Òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n kò pé. Àǹfààní ẹ̀rọ kò lè ju ti ẹni tí yóò dáhùn ìpè rẹ̀ lọ.

Ẹ̀rí èyí kò jìnnà. Ní ọdún 2009, Dókítà Olúṣẹ́gun Mímíkò, ọmọ bíbí ìlú Oǹdó, di gómìnà Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ikú aboyún pọ̀ ní ìpínlẹ̀ náà nígbà náà. Ní ọdún yẹn kan náà ni ìjọba rẹ̀ dá ètò kan sílẹ̀ tí wọ́n sọ ní Abíyè, ìyẹn ni pé kí obìnrin bímọ kí ọmọ sì yè. Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìfẹ́dọ̀rẹ́, tí kò jìnnà sí Àkúrẹ́, ni wọ́n ti kọ́kọ́ dán an wò. Wọ́n fún àwọn aboyún tí ó forúkọ sílẹ̀ ní tẹlifóònù, kí wọ́n lè pe òṣìṣẹ́ ìlera tí ń bójú tó wọn láìsan owó. Nǹkan bí aboyún 25 ni wọ́n fi sí abẹ́ ìtọ́jú òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan.

Àwọn tí ó gbé ètò náà kalẹ̀ mọ̀ pé ìdádúró mẹ́rin ní í pa aboyún. Èkíní ni ìdádúró nínú ilé, kí wọ́n tó pinnu láti wá ìtọ́jú. Èkejì ni ti ojú ọ̀nà. Ẹ̀kẹta ni ti ilé ìlera fúnra rẹ̀, nígbà tí aboyún bá dé ibẹ̀ tí kò rí ẹni tọ́jú rẹ̀. Ẹ̀kẹrin ni ìdádúró kí wọ́n tó gbé e láti ilé ìlera kékeré lọ sí ilé-ìwòsàn ńlá. Ẹ jẹ́ kí olóye wo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dáradára. Tẹlifóònù lè borí èkíní. Ó sì lè ran èkejì lọ́wọ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n tẹlifóònù kò lè gbé aboyún kọjá lójú ọ̀nà tí ó kún fún ẹrẹ̀, kò sì lè gbẹ̀bí. Ìdí nìyí tí ètò náà fi ní alùpùpù fún àwọn òṣìṣẹ́ àti ọkọ̀ tí ń gbé aláìsàn. Ìdí nìyí pẹ̀lú tí wọ́n fi ṣí Ilé-ìwòsàn Ìyá àti Ọmọ ní Àkúrẹ́ ní ọdún 2010, tí wọ́n sì ṣí irú rẹ̀ sí ìlú Oǹdó lẹ́yìn náà, níbi tí ìtọ́jú aboyún ti jẹ́ ọ̀fẹ́ nígbà náà.

Bí ó ti rí fún aboyún ni ó rí fún ohun gbogbo. Ọ̀pọ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára ni kò gbọdọ̀ gbóná ju ìwọ̀n 8 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ẹ̀rọ kékeré kan lè wà nínú fìríìjì tí yóò ké sí olùtọ́jú rẹ̀ nígbà tí iná bá lọ. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí epo nínú jẹnẹrétọ̀, igbe lásán ni. Ẹ̀rọ lè sọ fún àgbẹ̀ kòkó pé ọ̀rinrin ti pọ̀ jù nínú oko, àti pé àrùn tí ń sọ èso kòkó di dúdú fẹ́rẹ̀ẹ́ dé. Bí àgbẹ̀ náà kò bá rówó ra oògùn tí yóò fín, ìbànújẹ́ rẹ̀ nìkan ni ẹ̀rọ náà mú yá.

Àwọn kan yóò wí pé, bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó pa ẹ̀rọ tì títí ọ̀nà àti ilé-ìwòsàn yóò fi pé. Èyí náà kì í ṣe ọgbọ́n. Òṣìṣẹ́ ìlera tí kò gbọ́ pé aboyún ń rọbí kò yàtọ̀ sí èyí tí kò sí rárá. Ohun tí ó tọ́ ni pé, kí ìjọba tó ra ẹ̀rọ kan, kí ó kọ́kọ́ bèèrè ẹni tí yóò gbọ́ ohùn rẹ̀ lóru, ohun tí ẹni náà yóò gùn, àti ẹni tí yóò máa san owó iṣẹ́ rẹ̀ nígbà tí ìrànlọ́wọ́ òkè òkun bá tán.

Yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ wà ní Àkúrẹ́ láti ọdún 1981. Yunifásítì ìmọ̀ ìṣègùn sì wà ní ìlú Oǹdó. Àkúrẹ́ ń kọ́ àwọn tí yóò ṣe ẹ̀rọ tí ń pè. Oǹdó ń kọ́ àwọn tí yóò dìde láti dáhùn. Ọ̀kan kò gbọdọ̀ fi èkejì sílẹ̀, nítorí àgbájọ ọwọ́ ni wọ́n fi ń sọ àyà. Bí obìnrin bá ń rọbí, àdúrà àwọn àgbà ni pé kí wọ́n gbọ́ ohùn ìyá, kí wọ́n sì gbọ́ ohùn ọmọ. Ẹ̀rọ lè gbé ohùn ìyá dé ọ̀nà jíjìn. Ṣùgbọ́n kí ohùn ọmọ tó tẹ̀lé e, ènìyàn ní láti dìde.