Ohun Ọ̀ṣọ́ Àwọn Ìyá Wa: Ta Ni Ó Ni Ín?

Lọ́dọọdún, ní ọjọ́ kẹta Iléyá, nígbà tí àwọn régbérégbé bá jáde sí Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, iyùn àti wúrà a máa kún ọrùn tọkùnrin tobìnrin. Ó dùn mọ́ wa púpọ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá bi ẹni tí ó wọ iyùn àjogúnbá léèrè orúkọ ẹni tí ó kọ́kọ́ ni ín, ọ̀pọ̀ ni kò lè dáhùn.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní ohun ọ̀ṣọ́ kan tí wọ́n ń pè ní lọ́kẹ́ẹ̀tì: ilé wúrà tàbí fàdákà kékeré tí a ń so mọ́ ẹ̀gbà ọrùn, tí ó ṣeé ṣí, tí ó sì ṣeé pa dé. Àwòrán olólùfẹ́ tàbí ìdì irun rẹ̀ ni wọ́n ń fi sínú rẹ̀. Nígbà tí Albert, ọkọ Ọbabìnrin Fikitóríà, kú ní 1861, ayaba fi irun rẹ̀ sínú lọ́kẹ́ẹ̀tì, ó sì ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ títí òun náà fi kú ní 1901.

Kí ẹnikẹ́ni má wí pé ti òyìnbó nìkan nìyí. Láyé àtijọ́, bí ọmọ Yorùbá bá kú sí ìdálẹ̀, tí a kò lè gbé òkú rẹ̀ wálé, irun àti èékánná rẹ̀ ni a ń mú wá sin. Ìfẹ́ kan náà ni.

Ṣùgbọ́n iyùn kò ní ilẹ̀kùn tí a lè ṣí kí ojú ẹni tí ó ni ín hàn. Ẹnu àgbà ni ilẹ̀kùn rẹ̀. Bí àgbà bá kú láìsọ̀rọ̀, ilẹ̀kùn ti tì. Lọ́jọ́ tí owó bá sì wọ́n, ohun tí kò ní orúkọ ni a kọ́kọ́ ń gbé lọ tà. Alágbẹ̀dẹ wúrà a wọ̀n ọ́n, a yọ́ ọ, ó parí.

Nígbà tí Ísírẹ́lì la Jọ́dánì kọjá, òkúta 12 ni Jóṣúà ní kí wọ́n gbé, kí baba lè rí èsì fún ọmọ tí ó bá bèèrè ìtumọ̀ wọn. Òkúta lásán sì ni!

Nítorí náà, ẹ̀yin ará, ẹ kọ orúkọ ẹni tí ó ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ó ti rí i, àti ọmọ tí ó fi í lé lọ́wọ́, sínú ìwé. Ẹ fi ìwé náà sínú àpótí pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ rán àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ lọ bi àwọn ìyá àgbà wọn léèrè kí ó tó pẹ́ jù. Bí orúkọ rere bá sàn ju wúrà lọ ní tòótọ́, èéṣe tí a fi ń ti wúrà mọ́ àpótí, tí a sì ń jẹ́ kí orúkọ sọnù?