Ìlà Tín-ín-rín Lára Irin

Ọ̀rọ̀ irin ni a fẹ́ bá yín sọ, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wa ni ó kàn.

Ní alẹ́ ọjọ́ 16, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2024, ìbúgbàmù ńlá kan ṣẹlẹ̀ ní Bódìjà, nílùú Ìbàdàn. Gómìnà Ṣèyí Mákindé ṣàlàyé pé àwọn awakùsà tí kò gba àṣẹ ni wọ́n kó nǹkan abúgbàmù pamọ́ sínú ilé kan níbẹ̀. Agbára rẹ̀ rìn bí ìgbì láti ojúlé dé ojúlé. Ó wó ilé, ó sì fọ́ fèrèsé àwọn tí wọn kò mọ ohun tí aládùúgbò wọn gbé pamọ́.

Bí irú ìgbì bẹ́ẹ̀ bá gba inú irin kọjá tí ó sì dé ojú rẹ̀ ní òdì kejì, ojú irin náà yóò ta síwájú. Bí ó bá dán, yóò lọ ní ìdọ́gba. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ tí a fi gé e bá ti fi ìlà tín-ín-rín sílẹ̀ lára rẹ̀, kódà èyí tí ojú lásán kò lè rí, ìsàlẹ̀ ìlà náà yóò yọ síta bí abẹ́rẹ́, yóò sáré ju irin yòókù lọ, yóò sì já sí wẹ́wẹ́. Ibi tí ó jẹ́ kòtò tẹ́lẹ̀ ni yóò ṣíwájú. Ibi tí ó ga ni yóò kẹ́yìn.

Robert Richtmyer, ará Amẹ́ríkà, ni ó fi ìṣirò ṣàlàyé irú ìdàrú yìí ní ọdún 1960; Evgeny Meshkov, ará Rọ́ṣíà, sì fi àyẹ̀wò fi í hàn ní 1969. Orúkọ àwọn méjèèjì ni a fi ń pè é títí di òní. Ní oṣù kejìlá ọdún 2022, nígbà tí àwọn onímọ̀ ní Livermore, ní ìpínlẹ̀ California, fi ìmọ́lẹ̀ lésà mú kí átọ́ọ̀mù so pọ̀ tí agbára tó jáde fi ju ti ìmọ́lẹ̀ náà lọ, inú hóró kan tí kò tó hóró àgbàdo ni wọ́n ti ṣe é. Wọ́n ní láti mú ojú hóró náà dán gidigidi, nítorí àbùkù kékeré lè ba gbogbo iṣẹ́ náà jẹ́.

Ìdí nìyí tí a fi ń sọ̀rọ̀ nípa màgòmágó nínú ìdánwò. Àwọn òbí kan ń sanwó kí a lè kọ ìdáhùn fún ọmọ wọn, wọ́n sì ń pè é ní ìrànlọ́wọ́. Àbùkù náà kì í hàn lára ìwé ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí àìríṣẹ́ bá kọlu ọmọ náà ní Ìlọrin tàbí ní Èkó, ẹ̀kọ́ pé irọ́ ń sanwó ni yóò kọ́kọ́ yọ jáde, yóò sì ṣáájú gbogbo ìwà rere tí ó kù lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn kan yóò ní ìnira ìlú ló ń sọ ọmọ di gbájú-ẹ̀. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀: bí ìgbì bá le tó láti yọ́ irin, ohun tí irin náà yóò tú dànù á pọ̀ gan-an, nígbà tí irin tó ṣì le lè dá ìdàrú náà dúró. Síbẹ̀, ọmọ méjì láti kíláàsì kan náà, ọ̀kan láti Ọ̀sí, èkejì láti Ìlọ́fà, lè bá ìnira kan náà pàdé, kí ọ̀kan dúró, kí èkejì sì túká. Ìgbì nìkan kọ́ ló ń pinnu.

Nítorí náà, ohun méjì ni a ń bẹ̀bẹ̀ fún ní àjọ̀dún yìí. Kí ilé-ẹ̀kọ́ pinnu pé ọmọ tó bá ṣe màgòmágó yóò tún kíláàsì náà ṣe, ọmọ ẹnikẹ́ni ìbáà jẹ́, kí òbí má sì wá bẹ̀bẹ̀. Kí àwa akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ náà máa sanwó olùkọ́ tí yóò kọ́ àwọn tí ìwé ṣòro fún ní ìrọ̀lẹ́, kí a sì gba àwọn tó bá jáde sẹ́nu iṣẹ́ tàbí ẹ̀kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa. Ti àkọ́kọ́ ń mú ojú irin dán. Ti èkejì ń dín ìgbì kù. Ẹni tó bá ń ṣe ọ̀kan láìṣe èkejì kò tíì ran ọmọ lọ́wọ́.