Kí Yàrá Tó Gbiná Tán
Bí iná bá ń jó nínú yàrá tó kún fún tìmùtìmù fóòmù àti sílìn oníke, bíi ti ilé púpọ̀ ní Mọ́níyà àti Ẹgbẹ́dá ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ooru a máa há sábẹ́ àjà bíi ti ìkòkò tí a dé pa. Bí ooru òkè bá sún mọ́ 600°C, gbogbo yàrá a gbiná lẹ́ẹ̀kan náà. Èéfín dúdú tó ń sọ̀ kalẹ̀ kíákíá àti ahọ́n iná tó ń yọ láàrin rẹ̀ ni àmì pé èyí fẹ́ ṣẹlẹ̀. Láàrin ọdún 1980 sí 1989, Sweden bẹ̀rẹ̀ sí í fi kọ̀ntéènà onírin kọ́ àwọn panápaná láti dá àmì wọ̀nyí mọ̀, kí wọ́n lóṣòó, kí wọ́n fọ́n omi díẹ̀díẹ̀ sínú èéfín, kí wọ́n sì tètè jáde. Ẹ̀kọ́ yìí tọ́ sí gbogbo panápaná Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, nítorí aṣọ iṣẹ́ nìkan kì í gba ẹ̀mí là.