Ìwé la fi ń dá ìwé lóhùn

Bí ẹnìkan bá kọ ìwé lónìí pé oríkì tí wọ́n fi ń kí yín nílé kì í ṣe ti àwọn baba ńlá yín, pé àwọn ọmọ àná ló hun ún, kí lẹ máa ṣe? Ṣé ọlọ́pàá lẹ máa pè sí i ni, àbí ẹ máa pe àwọn àgbà tó mọ̀ ọ́n jọ láti dá a lóhùn?

Irú ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ ní Íjíbítì lọ́dún 1926. Taha Hussein, afọ́jú tó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní yunifásítì ìlú Kairo, kọ ìwé nípa ewì àwọn Lárúbáwá àtijọ́. Ó ní èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ewì tí wọ́n sọ pé ó ti wà ṣáájú ẹ̀sìn Ìsìláàmù, ẹ̀yìn tí ẹ̀sìn náà dé ni wọ́n tó hun wọ́n. Ó tún sọ̀rọ̀ nípa ìtàn Ànábì Ibrahim àti Ismail lọ́nà tó dun ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí. Làwọn ààfáà Al-Azhar bá fẹjọ́ rẹ̀ sun ìjọba, ọ̀rọ̀ dé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, wọ́n sì kó ìwé náà kúrò lórí àtẹ.

Agbẹ́jọ́ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Muhammad Nur, agbẹjọ́rò ìjọba tí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà fún, kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ka ìwé náà, ó sì pe ẹni tó kọ ọ́, ó bi í léèrè ọ̀rọ̀. Ní March 1927, ó ní àṣìṣe wà nínú ìwé náà, ṣùgbọ́n òǹkọ̀wé kò gbèrò láti ṣẹ̀ sófin. Ẹjọ́ parí síbẹ̀. Lọ́dún yẹn kan náà, ìwé náà tún jáde pẹ̀lú orúkọ mìíràn, wọ́n ti yọ ibi tó dá wàhálà sílẹ̀.

Àmọ́ àwọn kan kò dúró de ìjọba. Ààfáà Muhammad al-Khidr Husayn jókòó, ó kọ odidi ìwé láti fi ta ko Taha Hussein. Taha Hussein di mínísítà ètò ẹ̀kọ́ lọ́dún 1950. Al-Khidr Husayn di olórí Al-Azhar lọ́dún 1952. Kò sí èyí tí ọ̀rọ̀ náà bayé rẹ̀ jẹ́ nínú wọn.

Èrò tiwa ni pé ẹni tí ìwé bá dùn lẹ́tọ̀ọ́ láti fọhùn. Ṣùgbọ́n ẹ̀wọ̀n kò lè sọ ọjọ́ orí ewì fún wa. Àwọn tó mọ ewì ló lè sọ ọ́. Nítorí náà, ẹ̀yin àgbà wa, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ kọ oríkì ilé yín sílẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Lọ́jọ́ tí ẹnìkan bá jiyàn rẹ̀, ẹ ó ti ní ohun tẹ́ ẹ máa fi dá a lóhùn.