Ẹ Wo Kòkòrò Náà Dáadáa Kí Ẹ Tó Gbé Oògùn

Bí òjò bá ti ń rọ̀ dáadáa ní Festac àti káàkiri Amuwo-Odofin ní Èkó, koríko a gba gbogbo ilẹ̀ tí wọn ò tíì kọ́lé sí, àgbàdo ẹ̀yìnkùlé a sì bẹ̀rẹ̀ sí yọ ọ̀mùnú. Ìgbà náà ni àwọn àfòpiná kéékèèké aláwọ̀ eérú máa ń rọ́ wá sídìí gílóòbù lálẹ́. Lójú ọ̀pọ̀ èèyàn, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn, oògùn ló sì tọ́ sí wọn. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò mọ irú kòkòrò tó wà lóko rẹ̀ ń fowó ṣòfò ni, ó sì ń da májèlé sí oúnjẹ ara rẹ̀.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 2016. Níbẹ̀rẹ̀ ọdún yẹn, kòkòrò kan ya bo àgbàdo níhà ọ̀dọ̀ wa níbí, títí kan oko IITA, ibùdó ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀, n'Ìbàdàn àti Ìkẹ́nnẹ́. Àfòpiná ilẹ̀ Áfíríkà kan wà tí a ti mọ̀ tipẹ́, Spodoptera exempta, tí ìdin rẹ̀ máa ń jẹ koríko lọ bẹẹrẹ. Ì bá rọrùn láti gbà pé òun náà ló tún dé. Àwọn onímọ̀ kò gbà á bẹ́ẹ̀. Wọ́n yẹ ara àfòpiná náà wò, wọ́n yẹ DNA rẹ̀ wò, wọ́n sì rí i pé àlejò láti Amẹ́ríkà ni, Spodoptera frugiperda, tí wọn kò tíì rí ní Áfíríkà rí. Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ti orúkọ lásán. Ìdin àlejò yìí máa ń wọnú ọ̀mùnú àgbàdo lọ, a fi ìgbẹ́ ara rẹ̀ dí ẹnu ọ̀nà, oògùn tí wọ́n bá fọ́n lọ́sàn-án gangan kò sì ní kàn án. Ní Amẹ́ríkà tó ti wá, ọ̀pọ̀ oògùn ni kò ràn án mọ́.

Àwọn kan á ní iṣẹ́ ọ̀mọ̀wé nìyẹn, pé ẹni tó kọ ebè mẹ́wàá kò ní ẹ̀rọ tó ń yẹ DNA wò. Òótọ́ ni, tó bá jẹ́ àfòpiná fúnra rẹ̀ là ń wò. Akọ rẹ̀ ní àmì funfun létí ìyẹ́, ṣùgbọ́n abo rẹ̀ jọ ọ̀pọ̀ mìíràn tó ń gbé inú koríko. Ìdin rẹ̀ ló ń tú àṣírí. Iwájú orí rẹ̀ ní ìlà tó dà bíi lẹ́tà Y tí wọ́n dorí rẹ̀ kodò. Èyí nìkan kò tó, torí àwọn kan tún wà tí tiwọn fara jọ ọ́. Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ nítòsí ìdí: bí àmì dúdú mẹ́rin bá tò síbẹ̀ ní igun mẹ́rin, òun náà ni. Ojú lásán ti tó fún un.

Àwọn mìíràn á ní ká sáà pa gbogbo wọn. Àmọ́ àfòpiná tí kò ṣe àgbàdo ní nǹkan kan ni oúnjẹ àdán, ẹyẹ àti ọmọńlé. Agbọ́n tín-ín-tìn-ín kan tún wà, Telenomus remus, tí àwọn onímọ̀ ti rí ní Benin, tó ń yé ẹyin sínú ẹyin ọ̀tá àgbàdo yìí gan-an. Oògùn tí a bá fọ́n láìwòye á pa olùrànlọ́wọ́ wa pẹ̀lú. Ó tún léwu fún àwa fúnra wa: ní 2019, NAFDAC, àjọ tó ń ṣàkóso oúnjẹ àti oògùn, fòfin de oògùn kòkòrò dichlorvos inú ìgò kékeré, èyí tí àwọn èèyàn mọ̀ sí Sniper, nítorí ìlòkulò. Ẹni tó bá dá ìdin náà mọ̀ lórí ebè mélòó kan lè fọwọ́ ṣà á, kó sì fọ́ ẹyin rẹ̀ lójú ewé láìná kọ́bọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní Èkó kì í ṣe ìlú àgbẹ̀, kó rántí pé àfòpiná yìí lè fò tó kìlómítà 100 lóru ọjọ́ kan. Èyí tó dàgbà ní Festac lè yé ẹyin sóko Badagry. Ohun tí mo ń bẹ ìjọba ìbílẹ̀ Amuwo-Odofin fún kò pọ̀: kí wọ́n tẹ àwòrán ìdin yìí àti àmì ara rẹ̀ pẹ̀lú àlàyé ní Yorùbá, kí wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ gbogbo ibi tí wọ́n ti ń ta irúgbìn àti oògùn kòkòrò, kí òjò tó ń bọ̀ tó bẹ̀rẹ̀.