Kúlà mẹ́fà, life jacket ọmọdé kò sí ọ̀kan: irú ẹrù wo là ń dì lọ sójú omi?

Ẹ̀yin ará ilé wa ní Port Harcourt àti agbègbè rẹ̀, ọdún ti ń sún mọ́lé, a sì ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ̀rọ̀ ìgbafẹ́ orí omi tí a máa ń bá lọ sí Bonny. Aṣọ ti jáde. Àwọn ìyá ti ń yan ẹni tí yóò se ìrẹsì àti ẹni tí yóò din ẹran. Kò sí èyí tó burú níbẹ̀. Ẹni tó ṣiṣẹ́ láti oṣù Kìíní títí di ìparí ọdún ní ìlú onílùú, ó tọ́ kó jókòó kí atẹ́gùn omi fẹ́ sí i lára. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ń jẹ wá lọ́kàn. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ kí ọjọ́ tó pé.

Ẹ̀yin tí ẹ bá wa lọ ní èṣí á rántí. Kúlà mẹ́fà la gbé wọnú ọkọ̀. Ìrẹsì wà, mọ́ínmọ́ín wà, ohun mímu wà lóríṣiríṣi. Aṣọ ẹbí wa ń tàn, gèlè àwọn ìyá wa dúró digbí. Ọmọdé 14 ló bá wa lọ. Nígbà tí àwọn ọlọ́kọ̀ kó life jacket jáde, ìyẹn ẹ̀wù tó máa ń jẹ́ kéèyàn léfòó lórí omi, ti àgbàlagbà ni gbogbo ẹ̀. A ní kò burú, a gbé e wọ àwọn ọmọ, a fún okùn rẹ̀ mọ́ wọn lára. Nígbà tí a jáde kúrò nínú odò tóóró, tí a bọ́ sí ibi tí omi ti fẹ̀ lọ salalu, ìgbì bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ọkọ̀. Ọkọ̀ fò sókè lẹ́ẹ̀kan, ó sì balẹ̀ gbì. Ọmọ ọdún mẹ́rin kan yọ̀ lórí ìjókòó. Ìyá rẹ̀ sáré di life jacket rẹ̀ mú. Ẹ̀wù bá ìyá wá, ọmọ kò bá a wá, orí rẹ̀ ti gba inú ẹ̀wù náà yọ. Inú ọkọ̀ ló ṣubú sí, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ká ní ìta ọkọ̀ ni ńkọ́?

Ìyẹn nìkan kọ́. Ọkọ̀ tó yẹ kó gbé wa padà ní aago mẹ́ta kò dé títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú. Àwọn àgbà àárín wa ní a ò ní rin omi lóru, wọ́n sì ṣe dáadáa. A sùn sí Bonny. Ibẹ̀ la ti mọ ohun tó wà nínú ẹrù wa àti ohun tí kò sí níbẹ̀. Bàbá kan tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ti fi tiẹ̀ sílé, torí ó ní ṣebí àlọ àtàbọ̀ ọjọ́ kan ni. Ara ọmọ kan ń gbóná, kò sẹ́ni tó ní paracetamol lọ́wọ́. Fóònù tí omi kò wọ̀, iná ti tán nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìrẹsì ṣì kún inú kúlà méjì bámúbámú.

Ẹ má bínú sí wa o, ojú ẹlòmíràn là ń di ẹrù fún. Ohun àkọ́kọ́ tí a máa ń bi ara wa ni pé kí la máa wọ̀, kí la máa jẹ, báwo la ṣe máa rí nínú fọ́tò. Lórí ilẹ̀, ìyẹn lè má fa nǹkan kan. Bí ẹrù kò bá pé, a ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, a ó ra ohun tó kù. Omi kò rí bẹ́ẹ̀. Kò sí ṣọ́ọ̀bù láàárín agbami. Ohun tí o kò bá gbé láti èbúté, o ò ní i nìyẹn.

Ọ̀pọ̀ nínú wa, ọmọ orí ilẹ̀ ni wá. Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìwó, Ṣakí, Adó-Èkìtì, ta ló kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀? Àwọn ará wa Ìlàjẹ ló mọ omi nínú wa, ẹ bi wọ́n léèrè, wọn kì í fi omi ṣeré. Àwọn Ìbání tó ni Bonny, tí wọ́n bí sétí omi, àwọn náà kì í fi omi ṣeré. Àwa tí a kò mọ̀ ọ́n lú gan-an la máa ń dìde dúró nínú ọkọ̀ láti ya fọ́tò.

A ò sọ èyí láti dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n gbogbo wa la gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní agbègbè Pàtígí ní ìpínlẹ̀ Kwara ní oṣù Kẹfà ọdún 2023. Àwọn tó lọ síbi ìgbéyàwó ló ń padà bọ̀ lóru, ọkọ̀ wọn dànù, èèyàn tó lé ní 100 ló bá a lọ. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹrin ọdún 2024, òṣèré tíátà Junior Pope bá ìjàǹbá ọkọ̀ lọ lórí Odò Ọya ní ìpínlẹ̀ Anambra, lẹ́nu iṣẹ́ fíìmù. Ẹni tó lọ ṣe ìyàwó àti ẹni tó lọ ṣe iṣẹ́, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé òun kò ní padà délé. Àjọ NIWA tó ń rí sí ọ̀rọ̀ odò ní Nàìjíríà kò yéé pariwo: ẹni tí kò bá wọ life jacket, kó má wọkọ̀, bí ilẹ̀ bá ti ṣú, kí ọkọ̀ dúró. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n.

Ó dáa, kí ló yẹ kó wà nínú ẹrù wa?

Àkọ́kọ́ ni life jacket tó bá ara mu. Ẹ wo àkọlé inú rẹ̀, wọ́n máa ń kọ ìwọ̀n kílò ẹni tó lè gbé síbẹ̀. Ti ọmọdé yàtọ̀ sí ti àgbà, èyí tó sì dára fún ọmọ kékeré máa ń ní okùn kan tó gba abẹ́ ìtan rẹ̀ kọjá, kí ẹ̀wù má bàa fò gba orí yọ. Bí ẹ ṣe máa dán an wò rèé: ẹ wọ̀ ọ́ fún ọmọ, ẹ de gbogbo okùn rẹ̀, kí ọmọ na ọwọ́ méjèèjì sókè, kí ẹ wá di ẹ̀wù náà mú léjìká kí ẹ fà á sókè díẹ̀. Bó bá gòkè dé etí rẹ̀, ó ti tóbi jù. Ẹ̀yin àgbà náà, ẹ má fi jókòó o. Ẹ má sì wọ agbádá lé e lórí. Òun ló gbọ́dọ̀ wà lókè pátápátá.

Èkejì ni oògùn. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà tàbí ikọ́ fée, kó gbé oògùn tó lè lò fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, kódà bó jẹ́ ìrìn ọjọ́ kan. Kó wà nínú báàgì ọwọ́, kó má wà nínú ẹrù tí wọ́n tì sábẹ́ ìjókòó. Àwọn ọmọ wa tí ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́ SS, ẹ fún wọn lómi mu dáadáa, ẹ sì gbé aṣọ òtútù wọn dání, torí òtútù àti àìmumi tó ló sábà máa ń ta ìrora wọn jí. Ẹni tí òòyì máa ń kọ́ lórí omi, kó ti bá apoògùn sọ̀rọ̀ ṣáájú. Oògùn òòyì wà, kí ọkọ̀ tó gbéra ni wọ́n máa ń lò ó, àwọn kan nínú wọn sì máa ń múni sùn. Ẹ má fi ti àgbàlagbà fún ọmọ o. Ẹ jẹun díẹ̀ kí ẹ tó wọkọ̀, ẹ má jẹ àjẹyó. Tí òòyì bá dé, ẹ kọjú sí atẹ́gùn, kí ẹ máa wo ọ̀ọ́kán, ẹ má wo fóònù.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀rá. Ẹ lè máa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó rọrùn tó sì wúlò tó o lórí omi. Fóònù nínú ọ̀rá tó ṣe é tì lẹ́nu pa, power bank nínú ọ̀rá mìíràn, aṣọ ìpààrọ̀ nínú ọ̀rá ńlá tí a so lẹ́nu kó tó wọ báàgì. Omi á ta sí yín lára bẹ́ ẹ fẹ́ bẹ́ ẹ kọ̀. Ẹ tún mú ọ̀rá méjì sí i fún pàǹtírí, ká má sọ ike àti ike omi wa sínú odò àwọn tó gbà wá lálejò.

Ẹ̀kẹrin ni aṣọ. Ìró àti bùbá lẹ́ẹ̀sì pẹ̀lú gèlè, ẹ jẹ́ kó wà nínú báàgì títí a ó fi gúnlẹ̀. Aṣọ tó bá wuwo, tó sì gùn, bí omi bá mu ún, á máa fa èèyàn lọ sísàlẹ̀. Ṣòkòtò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, sílípáàsì rọ́bà, fìlà tó ní okùn lábẹ́ àgbọ̀n, àti súwẹ́tà, ó ti tó. Ẹ rántí pé ọyẹ́ àárọ̀ oṣù Kejìlá kì í ṣeré, oòrùn ọ̀sán náà kì í ṣeré. Tí ìkùukùu bá bo ojú omi láàárọ̀, ẹ jẹ́ ká dúró kó ká. Kò sẹ́ni tó ń lé wa.

Ẹ̀karùn-ún ni àwọn nǹkan kéékèèké: tọ́ọ̀ṣì, fèrè bíi ti rẹfirí fún ẹnì kọ̀ọ̀kan (ohùn èèyàn kì í pẹ́ há, fèrè kì í há), omi mímu, bisikíìtì, káàdì ìdánimọ̀, àti owó lọ́wọ́. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè lọ, kí ẹ wá wà létí omi tí ẹ ń sọ pé ẹ máa ṣe tiransifáà.

Ẹ̀kẹfà ni ìwé tí a kọ orúkọ wa sí. Ẹ̀dà méjì ni kó jẹ́: ọ̀kan lọ́dọ̀ ẹni tó kù sílé, ọ̀kan lọ́dọ̀ wa. Bí wọ́n bá ní ká kọ orúkọ àti nọ́ńbà ẹbí sílẹ̀ ní èbúté, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ òótọ́. Ẹ má kọ “Ìyá Bọ́lá” lásán. Ìyá Bọ́lá pọ̀ ní Port Harcourt.

Ohun tí ẹ máa fi sílé ńkọ́? Jẹnẹrétọ̀ àti epo bẹntiróòlù, ìgò, kúlà tí ọkùnrin mẹ́rin ò lè gbé. Ọtí, ẹ jẹ́ ká dé etíkun ná. Ẹrù tó bá pọ̀ jù, ọkọ̀ ló ń rì.

A mọ ohun tí àwọn kan máa sọ. Wọ́n á ní ẹ má fẹnu yín pe ibi, àdúrà là ń gbà. Àmín, a jọ ń gbà á ni. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá gbàdúrà tán tí ẹ wọ mọ́tò, ṣé ẹ kì í de bẹ́líìtì? Àdúrà àti life jacket ò bára wọn jà. Àwọn mìíràn á ní ojúṣe ọlọ́kọ̀ ni láti pèsè é. Òótọ́ ni, a sì gbọ́dọ̀ béèrè lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ èyí tó ti já tàbí èyí tó tóbi ni wọ́n gbé jáde, ọmọ ta ló máa wọ̀ ọ́? Ṣebí ọmọ tiwa ni.

Àwọn kan á tún ní owó kò sí. Ẹ̀yin ará ilé, ẹgbẹ́ wa ní àga, ó ní kánópì, ó ní ìkòkò ńlá tí a ń yá ara wa lò lọ́jọ́ ìnáwó. Kí ló dé tí life jacket ọmọdé kò lè wà lára dúkìá ẹgbẹ́? Tí a bá rà á lẹ́ẹ̀kan, tí a tọ́jú rẹ̀, tí a sá a níbòòji lẹ́yìn ìrìn àjò kí ó gbẹ, a ó lò ó lọ́dún yìí, a ó lò ó lọ́dún tó ń bọ̀. Ìdílé tó bá fẹ́ rìnrìn omi láàárín ọdún á wá yá a, á sì dá a padà.

Nítorí náà, ohun tí à ń fẹ́ kí ìpàdé tó ń bọ̀ gbé yẹ̀ wò nìyí. Ká yọ gèlè àti fìlà kúrò nínú aṣọ ẹbí ọdún yìí, ká fi owó rẹ̀ ra life jacket ọmọdé lóríṣiríṣi ìwọ̀n. Ká yan ẹnì kan, nọ́ọ̀sì pọ̀ nínú wa, kó gbé àpótí oògùn, kó sì bi gbogbo àgbàlagbà léèrè oògùn wọn létí èbúté. Ká tètè gbéra láàárọ̀, kí ọkọ̀ ìpadàbọ̀ ti wà nílẹ̀ kí oòrùn tó yẹ̀ àtàrí. Bí a kò bá sì rí life jacket tó bá ọmọ kan mu, kí ọmọ náà má wọkọ̀. Ó máa sunkún lóòótọ́. Ẹkún yẹn, a lè pa á.

Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Bonny dùn, etíkun dùn, ìrẹsì àwọn ìyá wa dùn ju gbogbo ẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ ká lọ jẹ ẹ́, kí gbogbo wa sì padà pé, àtọmọ àtàgbà.

Ẹ kú ìmúrasílẹ̀ ọdún o. Ọdún á yabo.